Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Bí Àwọn Ọ̀dọ́ Atamátàsé Ṣe Ń Gbá Bọ́ọ̀lù Sínú Àwọ̀n, Láti Kumasi dé Ilẹ̀ Wa

Ẹni tí ó bá ń ti ìlú Accra bọ̀ wá sí Kumasi, bí ó bá ti kọjá ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a ń pè ní KNUST, kò ní pẹ́ dé oríta ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Anloga Junction. Oríta aláriwo ni. Ọkọ̀ trotro ń fọn fèrè, àwọn ọlọ́jà ń polówó, àwọn arìnrìn-àjò ń bèèrè ọ̀nà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ni iṣẹ́ káfíńtà ti gbilẹ̀ púpọ̀ ní Kumasi, tí ìró ayùn àti ti òòlù kì í dákẹ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, kí ìjọba tó kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ náà lọ sí Sokoban. Bí ènìyàn bá sì gba ìhà ìgboro lọ díẹ̀ sí i láti oríta yìí, Amakom ni yóò kàn, níbi tí pápá ìṣeré Baba Yara wà.

Ọmọ Kumasi ni Baba Yara tí a fi orúkọ rẹ̀ pe pápá náà. A bí i ní 1936. Ẹ̀gbẹ́ pápá ni ó máa ń gbà sáré fún ẹgbẹ́ Asante Kotoko àti fún orílẹ̀-èdè Ghana, àwọn ènìyàn sì fi í jẹ ọba gbogbo àwọn tí ń gba ẹ̀gbẹ́ sáré. Ní 1963, ìjàm̀bá ọkọ̀ sọ ọ́ di ẹni tí kò lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn mọ́. Ní 1969, ó fi ayé sílẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ pápá Baba Yara lọ wo bọ́ọ̀lù ń gba abẹ́ orúkọ ẹni tí ó mọ adùn eré yìí, tí ó sì mọ ìkorò rẹ̀ pẹ̀lú.

Kumasi kì í ṣe ìlú àjèjì sí àwa ọmọ Yorùbá. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀fà, láti Ìlọrin àti láti Ìnìṣà ni àwọn bàbá àti ìyá wa ti lọ ṣòwò níbẹ̀, kí òfin tí ìjọba Busia gbé jáde ní oṣù kọkànlá 1969 tó mú kí ọ̀pọ̀ nínú wọn di ẹrù wọn padà wá sí ilé. Ohun tí àwọn ará Kumasi fẹ́ràn ni àwa náà fẹ́ràn, ohun tí wọ́n sì ń jiyàn lé lórí ni àwa náà ń jiyàn lé lórí ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní Abẹ́òkúta. Ọ̀kan nínú iyàn wọ̀nyí ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí: bí ọmọdé méjì bá wà tí àwọn méjèèjì mọ bí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, èwo ni ó dára jù nínú wọn? Ta ni a ó gbẹ́kẹ̀ lé pé yóò di ènìyàn lọ́la?

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán ni. Lórí ìdáhùn ìbéèrè yìí ni a ń yan ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí òkè òkun àti ẹni tí yóò padà sí àdúgbò. Lórí rẹ̀ ni àwọn òbí kan ń ta ilẹ̀ tí baba wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Lórí rẹ̀ ni àwọn ọmọ kan ń fi ilé-ìwé sílẹ̀. Bí a bá ṣi ìdájọ́, ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń jìyà rẹ̀.

OHUN TÍ KÁFÍŃTÀ MỌ̀

Bí a bá bi káfíńtà kan léèrè pé èwo ni ó dára jù, ayùn ni tàbí òòlù, ẹ̀rín ni yóò fi dá wa lóhùn. Iṣẹ́ tí òòlù ń ṣe, ayùn kò lè ṣe é. Iṣẹ́ tí ayùn ń ṣe, irin tí a fi ń gbẹ́ ihò kò lè ṣe é. Bí a bá sì fẹ́ kí ojú pákó dán, kì í ṣe òòlù ni a ó gbé sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn atamátàsé rí. Àwọn baba wa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹnu ilé tí aṣọ́lé dúró sí náà ní ọ̀nà púpọ̀ tí ó wọ inú rẹ̀.

Bí a bá wo àwọn ọ̀dọ́ tí ilẹ̀ Ghana àti ilẹ̀ wa ti bí láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, a ó rí i pé oríṣi mẹ́rin ni wọ́n. Èkíní ni alágbára, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí òòlù. Èkejì ni ọlọ́gbọ́n ẹsẹ̀, tí ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé bọ́ọ̀lù sí ibi tí ọwọ́ aṣọ́lé kò lè dé. Ẹ̀kẹta ni ọdẹ ẹnu ilé, tí a kì í rí títí bọ́ọ̀lù yóò fi wọlé. Ẹ̀kẹrin ni asáré tí ó tún mọ fífò, tí ń gba ẹ̀yìn àwọn adíléyìn lọ, tí ó sì ń fi orí kan bọ́ọ̀lù lókè réré.

ÀWỌN TÍ ẸSẸ̀ WỌN DÀ BÍ ÒÒLÙ

Bí a bá ń sọ ti agbára, orúkọ Anthony Yeboah ni yóò kọ́kọ́ dé ẹnu ará Kumasi. Ní ìlú náà ni a bí i ní 1966, níbẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Jámánì, ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Saarbrücken, lẹ́yìn náà ó lọ sí Eintracht Frankfurt. Ẹ̀ẹ̀mejì léra wọn ni kò sí ẹni tí góòlù rẹ̀ pọ̀ ju tirẹ̀ lọ nínú ìdíje líìgì àgbà wọn: ó gbá 20 wọlé ní ọdún eré 1992 sí 1993, àti 18 ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn bá a dọ́gba ní ìgbà méjèèjì. Ní 1995, ó kọjá sí ẹgbẹ́ Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ó gbá bọ́ọ̀lù kan láti òkèèrè sínú àwọ̀n Liverpool kí ó tó kanlẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, ó gbá òmíràn sínú àwọ̀n Wimbledon, bọ́ọ̀lù náà sì lu abẹ́ òpó òkè kí ó tó wọlé. Títí di òní olónìí, àwọn ará Leeds kò gbàgbé bọ́ọ̀lù méjèèjì yìí.

Ní ilẹ̀ tiwa, Rashidi Yekini ni a lè fi wé e. Ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ti Ìbàdàn ni, òun sì ni góòlù rẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú gbogbo àwọn tí ó tí ì wọ aṣọ Nàìjíríà: 37 ni. Ní 1993, a fi í jẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Agbára pọ̀ nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ débi pé àwọn aṣọ́lé mìíràn kì í fẹ́ na ọwọ́ sí bọ́ọ̀lù tí ó bá gbá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Góòlù Yekini tí gbogbo ayé mọ̀ jù lọ, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé nínú Ìdíje Ife Àgbáyé, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1994 nígbà tí a pàdé Bulgaria, kì í ṣe góòlù agbára rárá. Finidi George ni ó gbé bọ́ọ̀lù gba iwájú ilé kọjá, Yekini sì ti dé ibẹ̀, ó kàn fi ẹsẹ̀ tì í wọlé ni. Ohun tí ó mú un dé ibẹ̀ kì í ṣe agbára bí kò ṣe òye. Nítorí náà, bí a bá rí ọmọdé tí ó lè gbá bọ́ọ̀lù fọ́ ògiri, kí a má ṣe yára yọ̀. Kí a kọ́kọ́ bèèrè bí ó bá mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró sí. Agbára tí kò ní òye dà bí òòlù lọ́wọ́ ẹni tí kò rí ìṣó.

ÀWỌN ỌLỌ́GBỌ́N ẸSẸ̀

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òwe yìí ni ó bá oríṣi kejì mu. Nwankwo Kanu wà nínú àwọn ọmọ wa tí ó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tí ì ju 17 lọ, ní ilẹ̀ Japan ní 1993. Ghana gan-an ni a borí ní àṣekágbá ìdíje náà, pẹ̀lú àmì ayò méjì sí ọ̀kan. Ọmọ gíga tẹ́ẹ́rẹ́ ni Kanu nígbà náà. Kò ní agbára Yekini, kò sì yára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. A máa dúró níwájú aṣọ́lé bí ẹni tí kò ní ohun tí ó ń kánjú ṣe, títí aṣọ́lé yóò fi ṣubú sí ìhà kan, nígbà náà ni yóò gbé bọ́ọ̀lù gba ìhà kejì. Góòlù márùn-ún ni ó gbá ní Japan. Wilson Oruma, tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, gbá mẹ́fà, òun ni ó sì gba bàtà wúrà.

Kelechi Iheanacho ni ó jọ Kanu jù lọ nínú àwọn tí ó tẹ̀lé wọn. Ní 2013, nígbà tí a tún gba ife náà ní Abu Dhabi, Iheanacho gbá góòlù mẹ́fà, a sì fún un ní bọ́ọ̀lù wúrà tí ó fi hàn pé òun ni ó dára jù nínú ìdíje náà. Ẹsẹ̀ òsì ni ó fi ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Kì í sáré wọ ẹnu ilé bí ẹṣin. A máa fà sẹ́yìn díẹ̀, a gba bọ́ọ̀lù sí ẹsẹ̀, a wo ibi tí aṣọ́lé dúró sí, a sì fi bọ́ọ̀lù sí igun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ka iye góòlù kí ó ṣọ́ra: mẹ́rin nínú mẹ́fà náà ni ó gbá ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú Mexico. Iye kan ni iwé yóò kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kì í sọ pé ọjọ́ kan ni ó gbé gbogbo rẹ̀ rù.

Ewu tí ó wà nínú oríṣi yìí ni pé àwọn tí ń wòran máa ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kò ní sùúrù a máa pariwo lé wọn lórí pé kí wọ́n sáré, kí wọ́n jà, títí ohun tí Ọlọ́run fún wọn yóò fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

ỌDẸ ẸNU ILÉ

Oríṣi kẹta ni ó ṣòro jù láti yìn, nítorí pé góòlù rẹ̀ kì í lẹ́wà lójú. Ọmọdé yìí kò ní gbé bọ́ọ̀lù kọjá ènìyàn mẹ́ta. Kò ní gbá a láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ta lù òpó, tàbí tí ó bá bọ́ lọ́wọ́ aṣọ́lé, òun ni yóò ti wà níbẹ̀. Àwọn aláìmọ̀ a máa sọ pé oríire ni. Ṣùgbọ́n oríire kì í dé ilé ẹnì kan náà lójoojúmọ́. Ọdẹ tí ó mọ ibi tí ẹran ń gbà mu omi kò nílò láti sáré ká igbó.

Sani Emmanuel jẹ́ àpẹẹrẹ irú rẹ̀. Ní 2009, nígbà tí ìdíje àwọn tí kò tí ì ju ọdún 17 lọ wáyé ní ilẹ̀ wa, orí ìjókòó ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tí wọn yóò sì mú un wọlé nígbà tí eré bá ti gbóná. Síbẹ̀ góòlù márùn-ún ni ó gbá, òun náà ni wọ́n sì fún ní bọ́ọ̀lù wúrà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Switzerland ni ó borí wa ní Abuja ní ọjọ́ àṣekágbá pẹ̀lú ayò kan sí òdo.

Ní ọdún kan náà, Dominic Adiyiah ti Ghana gbá góòlù mẹ́jọ ní ilẹ̀ Egypt nínú ìdíje àwọn tí kò tí ì ju ogún ọdún lọ. Ó gba bàtà wúrà, ó tún gba bọ́ọ̀lù wúrà. Ghana borí Brazil ní àṣekágbá nípa pẹnáritì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn mẹ́wàá ni ó kù wọ́n kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò gba ife náà ni wọ́n. Adiyiah ní eré sísá ju ọdẹ ẹnu ilé lásán lọ, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ gbọ́ òórùn góòlù bí ti ọdẹ. Ẹ rántí ọjọ́ 2 oṣù keje 2010 ní Johannesburg, ní ìṣẹ́jú tí ó kẹ́yìn: orí Adiyiah ni ó kan bọ́ọ̀lù tí Luis Suárez ti Uruguay fi ọwọ́ dí lórí ìlà. Bí kì í bá ṣe ọwọ́ yẹn, orúkọ rẹ̀ ni ìtàn ì bá kọ sílẹ̀ pé ó gbé orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ dé ìpele kejì sí àṣekágbá Ife Àgbáyé.

ASÁRÉ TÍ Ó MỌ FÍFÒ

Oríṣi kẹrin ni Victor Osimhen. Ọmọ Èkó ni, tí ó ta omi nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ nígbà èwe rẹ̀. Ní ilẹ̀ Chile ní 2015, ó gbá góòlù mẹ́wàá nínú ìdíje àwọn tí kò tí ì ju 17 lọ. Kò sí ẹni tí ó gbá tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdíje kan ṣoṣo kí ó tó dé: mẹ́sàn-án ni ti Florent Sinama Pongolle, ọmọ France, ní 2001. Osimhen kì í dúró de bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yìn adíléyìn ni ó máa ń sá sí, a tún padà wá, a tún sá lọ, títí àárẹ̀ yóò fi mú ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Bí bọ́ọ̀lù bá sì wà lókè, a máa fò bí ẹni tí ilẹ̀ jù sókè.

Taiwo Awoniyi ti Ìlọrin, tí ó bá Iheanacho lọ sí Abu Dhabi ní 2013, sún mọ́ oríṣi yìí, ṣùgbọ́n ó tún ní ti alágbára mọ́ ọn. Òun a máa fi ẹ̀yìn gbé adíléyìn dúró bí ẹni tí ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn, kí ó tó yí padà. Góòlù mẹ́rin ni ó gbá ní ìdíje náà, méjì nínú wọn sì ni ó ṣẹ́gun Uruguay. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà, Iheanacho ni oòrùn, Awoniyi sì ni òṣùpá.

IYE GÓÒLÙ NÌKAN KÒ TÓ

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó gbẹ̀yìn àwọn ọmọ wọ̀nyí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà.

Macauley Chrisantus gbá góòlù méje ní 2007, ó gba bàtà wúrà, ẹgbẹ́ Hamburg sì rà á. Orúkọ rẹ̀ kò dún ní Hamburg bí a ti lérò. Adiyiah tí ó gbá mẹ́jọ lọ sí AC Milan ní oṣù kìíní 2010, kò sì gbá bọ́ọ̀lù kan fún wọn nínú ìdíje líìgì. Sani Emmanuel lọ sí Lazio ní Róòmù, òkìkí rẹ̀ kò sì tún tó ti 2009 mọ́. Oruma gbá ju Kanu lọ ní Japan, ó sì ṣe dáadáa ní ilẹ̀ France, ṣùgbọ́n Kanu ni a fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní Áfíríkà ní 1996 àti ní 1999, lẹ́yìn tí a ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọkàn ní 1996.

Osimhen pàápàá, tí iye góòlù tirẹ̀ pọ̀ jù, kò rí ọ̀nà tí ó tẹ́jú. Ó dé Wolfsburg ní Jámánì ní 2017, kò gbá góòlù kankan fún wọn ní líìgì. Ó lọ fi ara hàn àwọn ẹgbẹ́ kan ní Belgium ní 2018, wọn kò gbà á. Charleroi ni ó gbà á. Láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sí Lille, láti Lille sí Napoli. Ní ọdún eré 2022 sí 2023, ó gbá góòlù 26 ní líìgì Ítálì, Napoli gba ife tí wọn kò tí ì gbà láti 1990, a sì fi í jẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní Áfíríkà ní 2023, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ lẹ́yìn Kanu.

Awoniyi ńkọ́? Liverpool rà á ní 2015, ṣùgbọ́n kò rí ìwé àṣẹ iṣẹ́ gbà, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ mẹ́fà ni wọ́n sì yá a fún ní ilẹ̀ Jámánì, Netherlands àti Belgium. Ọmọ mìíràn ì bá ti sọ ìrètí nù. Ní 2021, Union Berlin rà á pátápátá, ó sì gbá góòlù 15 fún wọn ní líìgì ọdún náà. Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún 2023, òun ni ó gbá góòlù kan ṣoṣo tí Nottingham Forest fi borí Arsenal, góòlù tí ó mú kí Forest dúró ní líìgì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òṣùpá náà ní alẹ́ tirẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ń ṣi irú ìdájọ́ yìí. Ní ilẹ̀ Kánádà àti Amẹ́ríkà, níbi tí òtútù ti sọ omi di yìnyín, wọ́n ní eré kan tí wọ́n ń fi igi gígùn gbá róbà pẹlẹbẹ lórí yìnyín sínú àwọ̀n kékeré. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ ńlá wọn máa ń péjọ láti yan àwọn ọ̀dọ́ ní ẹsẹẹsẹ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi wọ́n wé ara wọn fún oṣù púpọ̀: èyí ń gbá a láti òkèèrè, èyí ń dúró lẹ́nu ilé, èyí ń sáré. Alexander Ovechkin ni wọ́n kọ́kọ́ yàn ní 2004, ìdájọ́ wọn sì tọ́, nítorí ní oṣù kẹrin 2025 ni ó gbá góòlù kẹ 895 tí ó fi kọjá gbogbo ẹni tí ó ti ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1984, ènìyàn 116 ni wọ́n yàn kí wọ́n tó yan Brett Hull. Góòlù 741 ni Hull gbá kí ó tó fi eré sílẹ̀. Bí àwọn tí ó ní owó, tí ó ní ìwé, tí ó sì ní olùwòye ní gbogbo ìlú bá lè ṣi ojú wò tó bẹ́ẹ̀, kí ni kí a wí nípa ẹni tí ó wo ọmọ kan ní ọjọ́ kan ní etí pápá, tí ó sì ní òun ti mọ òpin rẹ̀?

KÍ NI Ó YẸ KÍ A WÒ?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù, ní Kumasi tàbí ní ilẹ̀ wa, àwọn ìbéèrè díẹ̀ wà tí ó sàn ju kíka góòlù lọ.

Èkíní: ibo ni ọmọ náà ti ń gbá góòlù rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni, àwọn adíléyìn àgbà yóò dí ibẹ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ iwájú. Èkejì: kí ni ó ń ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀? Ọmọ tí ó bá dúró ṣánṣán, tí ó ń dúró de ẹni tí yóò gbé e fún un, kò tí ì kọ́ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta: báwo ni ó ti rí lẹ́yìn tí ó bá tàsé? Kò sí atamátàsé tí kì í ta á tàsé nígbà mìíràn. Ẹni tí ó bá padà sí ibẹ̀ láìbẹ̀rù ni ó ń pẹ́ lórí pápá.

Ẹ̀kẹrin ni ó le jù láti sọ: ẹni ọdún mélòó ni ọmọ náà ní tòótọ́? Ọmọ tí ó ti di géńdé láàárín àwọn èwe yóò gbá góòlù púpọ̀, nítorí pé èjìká rẹ̀ ti gbó ju tiwọn lọ. Nígbà tí àwọn yòókù bá dàgbà bá a, agbára náà yóò pòórá, ọgbọ́n kò sì sí nílẹ̀ tí yóò dípò rẹ̀. Ìdí nìyí tí irọ́ ọjọ́ orí fi burú. Ní 1989, àjọ FIFA lé ilẹ̀ wa kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, láti 2009 sì ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn tí kò tí ì ju 17 lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe FIFA nìkan ni irọ́ yìí ń tàn. Ó ń tan ọmọ náà fúnra rẹ̀, ó sì ń gba àyè lọ́wọ́ ọmọ kékeré tí ọgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá ti yọ bí ó bá rí sùúrù.

Ẹ̀YIN ÒBÍ, Ẹ GBỌ́

Nii Lamptey ti Ghana ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dun gbogbo ènìyàn. Ní 1991, ní ilẹ̀ Ítálì, Ghana gba ife àgbáyé àwọn èwe, a sì fún Lamptey ní bọ́ọ̀lù wúrà. Ọmọ ọdún 16 ni. Pelé tìkára rẹ̀ ti fi í hàn pé òun ni yóò rọ́pò òun. Ọlọ́gbọ́n ẹsẹ̀ ni, irú èyí tí a kì í rí púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò kàwé tó láti lóye ìwé àdéhùn tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, ẹlòmíràn ni ó sì ń darí ibi tí yóò lọ. Láti ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, láti ilẹ̀ sí ilẹ̀, ni ó ń ṣí kiri, títí ìmọ́lẹ̀ náà fi ṣú. Lẹ́yìn náà, ó fi owó tí ó kù dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Accra. Ẹni tí ó bá ní etí, kí ó gbọ́ ohun tí ilé-ìwé yẹn ń wí.

Ẹ mọ̀ pé òfin wà. Òfin FIFA kò gba kí a ta ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, àfi ní àwọn ọ̀nà díẹ̀ tí òfin náà là sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wá bá yín pé kí ẹ san owó kí òun lè gbé ọmọ ọdún 14 yín lọ sí ẹgbẹ́ ńlá ní òkè òkun, ẹ bi í léèrè ọ̀nà tí ó fẹ́ gbà. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ọmọ yín ní tòótọ́ kì í ní kí bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké náà ní ẹ̀tọ́: nígbà tí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, òfin ní kí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà lọ fún àwọn tí ó kọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kò bá ní ìwé tí ó fi hàn pé òun kọ́ ọ kò ní rí kọ́bọ̀ gbà. Ẹ máa kọ orúkọ sílẹ̀.

Kò sí iyè méjì pé ní ìhà Anloga Junction, ní Ajégúnlẹ̀ àti ní Ìlọrin, ọmọ kan wà lónìí tí yóò gbá bọ́ọ̀lù tí ayé yóò gbọ́. Ó lè jẹ́ òòlù, ó lè jẹ́ ayùn. Ó lè jẹ́ ẹni tí góòlù rẹ̀ kò pọ̀ jù ní àdúgbò rẹ̀. Iṣẹ́ àgbà ni láti mọ irú irinṣẹ́ tí ó jẹ́, kí a má ṣe fi ayùn kan ìṣó, kí a má sì ju irinṣẹ́ kan nù nítorí pé kò jọ èyí tí a mọ̀. Kí a fi ọmọ náà sí ilé-ìwé pẹ̀lú, kí ó lè ka ìwé àdéhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e wá. Ẹsẹ̀ a máa rẹ ènìyàn. Ìmọ̀ ni kì í rẹ̀ ẹ́.